Ẹ Jẹ́ Kó Wó

Níbikíbi tí típà bá ti da iyanrìn sílẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́lé, kì í pẹ́ táwọn ọmọdé àdúgbò fi máa ń gbà á lọ́wọ́ bíríkìlà. Á pariwo, á lé wọn. Bó bá ti yíjú padà báyìí, wọ́n ti dé. Àwọn kan a ní ìyà ló ń jẹ wọ́n, pé wọn ò rí nǹkan ìṣeré gidi. Èmi ò gbà.

Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń fẹsẹ̀ kọ́lé. Á ri ẹsẹ̀ kan mọ́lẹ̀, á wa iyanrìn bò ó, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a títí yóò fi le. Lẹ́yìn náà ni yóò rọra yọ ẹsẹ̀. Bí iyanrìn bá gbẹ, òrùlé á já wálẹ̀. Bó bá mu omi jù, gbogbo rẹ̀ á ṣàn. Kò sẹ́ni tó sọ ìwọ̀n omi fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n. Bó bá wó, á lọ bu omi wá, á wọ́n ọn sí i, á tún bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá sì pé méjì, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn: “Ìwọ di ìsàlẹ̀ mú, èmi á to tòkè.” “Rárá, ẹ̀gbẹ́ ibí ni ká kọ́kọ́ tò.” Ìjà díẹ̀, àdéhùn díẹ̀, iṣẹ́ á máa lọ.

Nígbà témi náà wà lọ́mọdé, àwa tá a ti dàgbà díẹ̀, mọ́tò là ń ṣe. Agolo mílíìkì ni ara ọkọ̀, sìlípáàsì tó ti já la fi ń gé táyà. A ó fi ìṣó lu ẹ̀gbẹ́ agolo méjèèjì kí igi tí táyà wà lórí rẹ̀ lè gbabẹ̀ kọjá. Bí ihò ọ̀tún ò bá dọ́gba pẹ̀lú tòsì, mọ́tò náà á máa ya bàrà bí ọ̀mùtí. Ẹni tó ni ín á tú u palẹ̀, á tún ihò lu. Nígbà tí tíṣà ìṣirò wá ń sọ̀rọ̀ ìlà tó dọ́gba, ó ti yé ọwọ́ wa kó tó dé ojú pátákó. (Etí agolo a sì máa gé èèyàn lọ́wọ́, n ò ní kí ẹnikẹ́ni gbé e fún ọmọ kékeré.)

Friedrich Froebel, ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé jẹ́léósinmi ní Bad Blankenburg lọ́dún 1837, mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ ló kọ́kọ́ ń kẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan nínú ohun ìṣeré tó ṣe ni igi kan tí gbogbo ojú rẹ̀ dọ́gba, tó ṣeé tú sí ègé 8. Ègé mẹ́jọ péré! Ọmọ á fi ṣe àga, á tú u, á fi ṣe àtẹ̀gùn, á tún fi ṣe ẹnu ọ̀nà. Ní Amẹ́ríkà, ìyá Frank Lloyd Wright rí irú rẹ̀ níbi ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Philadelphia lọ́dún 1876, ó sì rà á fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà di gbajúgbajà ayàwòrán ilé, kò sì yé sọ ohun táwọn igi náà ṣe fún òun.

Mo wọ ilé ìwé jẹ́léósinmi kan, mo rí búlọ́ọ̀kù ìṣeré lórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú ọ̀rá tí wọn ò tíì já. Nísàlẹ̀, àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta ń kọ A dé Z. Olùkọ́ ní káwọn ọmọ má bàa bà á jẹ́ ni. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà: òbí tó sanwó fẹ́ rí nǹkan. Ìwé tí ọmọ kọ ṣeé gbé relé, ilé tó wó lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dúró kò ṣeé gbé.

Àwọn bàbá kan sì wà tó jẹ́ pé àwọn gan-an ló ń fi búlọ́ọ̀kù ọmọ ṣeré. Wọ́n á ra èyí tó wọ́n jù, wọ́n á máa wo àwòrán ara páálí, wọ́n á máa tò ó. Bí ọmọ bá nawọ́, “Dúró, wàá bà á jẹ́.” Bó bá parí, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, títí kan ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á.