Iná Mẹ́rìnlélógún ní Ìdúmàgbò

Bí ènìyàn bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìdúmọ̀tà ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò gbé e dé Ìdúmàgbò, èrò ni yóò tì í débẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró wo ère Ẹ̀yọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, alábàárù kan yóò kígbe "Àgò o!" lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì tó yíjú padà, ẹrù aṣọ ti gbá a léjìká. Mo yà kúrò lójú títì, mo gba ọ̀nà tóóró kan tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ilẹ̀ rẹ̀, nítorí pé àwọn ilé apá ọ̀tún àti ti òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ forí kan ara wọn. Ilé ẹbí ni mò ń lọ. Òkìtì páálí ni ó dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, èdè Ṣáínà sì ni a kọ sí ara gbogbo wọn. Ọmọdé méjì jókòó lé ọ̀kan nínú wọn lórí, wọ́n ń jẹ ẹ̀wà aganyin.

Bí mo ti ń gun àtẹ̀gùn ni mo gbọ́ ohùn obìnrin kan tí ó ń sọ èdè Ṣáínà kíkankíkan, mo gbọ́ àtẹ́wọ́ àwọn èrò ìwòran, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n ìyá mi: "Pa á! Pa iná rẹ, jàre! Kí ni o fẹ́ fi irú ọkùnrin báyìí ṣe?"

Eré tí wọ́n ń wò ni Fēi Chéng Wù Rǎo, orúkọ tí ó túmọ̀ sí pé bí ọkàn rẹ kò bá mọ́, má wulẹ̀ yọ wá lẹ́nu. Ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán Jiangsu ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2010. Obìnrin 24 ni ó ń tò lọ rẹrẹẹrẹ, iná sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọkùnrin kan ṣoṣo yóò jáde wá síwájú wọn, a ó fi fídíò nípa iṣẹ́ rẹ̀, ìgbé ayé rẹ̀ àti ìfẹ́ tí ó ti kọjá hàn. Obìnrin tí kò bá fẹ́ ẹ yóò pa iná tirẹ̀. Bí gbogbo iná bá kú, ọkùnrin náà yóò dárí kodò, yóò máa lọ sílé. Bí iná díẹ̀ bá ṣẹ́kù, ọwọ́ ọkùnrin ni àṣàyàn wá bọ́ sí. Meng Fei, ọkùnrin olórí fífá tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ni atọ́kùn. Gbogbo ẹni tí ó ń gbé Èkó ni ó mọ ohun tí a ń pè ní kí iná kú. Ṣùgbọ́n kí obìnrin fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á lójú ẹni tí ó wá fẹ́ ẹ, ìyẹn ni Àlàájà kò rí rí.

Ní ọdún 2010 yẹn kan náà ni a bi obìnrin kan níbẹ̀ bóyá yóò gbà kí ọkùnrin máa fi kẹ̀kẹ́ gbé òun kiri. Ó fèsì pé ó tẹ́ òun lọ́rùn kí òun máa sunkún nínú BMW. Ọ̀rọ̀ náà mi ilẹ̀ Ṣáínà tìtì. Ìjọba dá sí i, àwọn tí ó ń ṣe eré náà tún ìlànà wọn ṣe, wọ́n sì mú olùkọ́ obìnrin kan láti ilé-ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múníìsì wá jókòó ti atọ́kùn kí ó máa gba àwọn èwe nímọ̀ràn. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún Àlàájà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ọmọ náà kò purọ́, ẹnu ni kò mọ̀ ọ́n pa mọ́.

Kò yẹ kí ó yani lẹ́nu pé irú eré yìí rí ilé gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn ará ibẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wo ohun tí kò sọ èdè wọn. Ní gbọ̀ngàn Glover, tí kò jìnnà sí ibi tí mò ń wí yìí, ni a ti kọ́kọ́ fi sinimá hàn ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903. Ilé-iṣẹ́ Balboa láti Barcelona ni ó gbé e wá. Sinimá ayé ìgbà náà kò lóhùn, nítorí náà kò sí èdè àjèjì nínú rẹ̀. Nígbà tí ó yá, Bruce Lee dé. Gbogbo fíìmù ìjà tí ó wá láti Hong Kong ni àwọn òbí wa ń pè ní fíìmù Ṣáínà, wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú wọn, síbẹ̀ wọ́n lè sọ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdúmọ̀tà fúnra rẹ̀ di ibi tí a ti ń pín fíìmù Yorùbá káàkiri, kásẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́kọ́ jẹ́, kí ó tó di àwo pẹlẹbẹ.

Ní ọdún 2010 ni StarTimes láti Ṣáínà bá NTA dòwò pọ̀, tí amóhùnmáwòrán olówó pọ́ọ́kú sì wọ ọ̀pọ̀ ilé. Ní ọdún 2011, ní Tanzania, wọ́n fi eré Ṣáínà kan nípa ìyàwó ilé àti àwọn ìyá ọkọ rẹ̀ hàn ní èdè Swahili, ó sì gba ìlú kan. Wọ́n ti túmọ̀ irú rẹ̀ sí Haúsá pẹ̀lú. Ti Àlàájà kò gba ọ̀nà ibẹ̀ yẹn. Láti ọdún 2013 ni ilé-iṣẹ́ SBS ti Ọsirélíà ti ń fi Fēi Chéng Wù Rǎo hàn pẹ̀lú ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀ àwòrán. Irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ ni ọmọkùnrin tí ó ń tún fóònù ṣe nísàlẹ̀ ilé ń wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó ń kó sínú fláàṣì fún wọn. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kúrò ní Nanjing, tí ó gba Sydney kọjá, kí ó tó dé Ìdúmàgbò.

Aṣọ ọmọdé ni Àlàájà ń tà ní ọjà Balógun, wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí a tó bí mi. Ní ọdún 2006 ni wọ́n kọ́kọ́ lọ ra ọjà ní Guangzhou, ìgbà 11 ni wọ́n sì lọ kí àrùn kòrónà tó sé ọ̀nà mọ́. Nígbà tí ọ̀nà ṣí, náírà kò gbé e mọ́: dọ́là tí ìjọba ń ṣẹ́ ní nǹkan bí 460 náírà ṣáájú oṣù Kẹfà ọdún 2023 ti lé ní 1,400 kí oṣù Kejì ọdún tí ó tẹ̀lé e tó parí. Báyìí, fóònù ni wọ́n fi ń bá aṣojú wọn ní Guangzhou sọ̀rọ̀. Àwọn páálí tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ń wálé láìsí pé ẹni tí ó ni wọ́n fojú kan ibi tí wọ́n ti wá. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn eré Ṣáínà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ irú ènìyàn tí àwọn ń fi owó ránṣẹ́ sí.

Wọ́n gbọ́ díẹ̀ nínú èdè náà. Duōshao qián, eélòó ni. Tài guì le, ó ti wọ́n jù. Wọ́n pè é tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu yà mí, mo sì rò ó lọ títí. Èdè olóhùn ni ti àwọn ará Ṣáínà gẹ́gẹ́ bí tiwa. Bí ohùn bá yí lórí mā, mà, mǎ, ìyá di èébú, èébú di ẹṣin. Etí tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀ àti ọkọ̀ ojú omi ti jẹ ìdajì ìyà náà kí ó tó dé Guangzhou.

Kì í ṣe eré àwáyàwó nìkan ni fláàṣì náà gbé. Eré àwọn bàbá wà níbẹ̀, èyí tí ilé-iṣẹ́ Hunan bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, tí orúkọ rẹ̀ ń béèrè pé: Bàbá, níbo ni à ń lọ? Àwọn ará Kòríà ni wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Gbajúmọ̀ ọkùnrin márùn-ún kó ọmọ wọn lọ sí abúlé, a fi àwọn ìyá sílẹ̀ nílé. Bàbá tí ó lókìkí dé òkè òkun kò lè so irun ọmọ rẹ̀ obìnrin, bẹ́ẹ̀ ni kò lè se oúnjẹ tí ọmọ yóò jẹ. Nígbà tí wọ́n bá ń fi eléyìí hàn, àwọn obìnrin àjà ìsàlẹ̀ a máa gòkè wá. Wọn kì í dúró de ìtumọ̀. Wọ́n ń bá bàbá náà wí ní tààrà: "Fa irun náà sọ́tùn-ún! Àbí o fẹ́ yọ orí ọmọ ni?" Ọmọ-ọmọ Àlàájà, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó máa ń sún mọ́ ojú amóhùnmáwòrán gan-an, yóò ká ẹsẹ̀ jọ, yóò máa wo àwọn bàbá.

Ìyá ọmọ náà ni ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ojúgbà mi ni, ọdún kan náà ni a bí wa. Ó padà sílé láti ilé ọkọ ní ọdún méjì sẹ́yìn, ní òru, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti àpò kan. Àlàájà ṣílẹ̀kùn fún un, wọ́n tẹ́ ibùsùn, ilẹ̀ sì mọ́. Láti ọjọ́ náà wá, kò sí ẹni tí ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó béèrè. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ará ilé máa ń sọ bí ó bá ti kọjá: dálémoṣú. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Ṣáínà kò sàn jù ú lọ. Shèngnǚ ni wọ́n ń pe obìnrin tí ó bá ti lé ní ọmọ ọdún 27 láìlọ́kọ, ìyẹn obìnrin tí ó ṣẹ́kù, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ní ọdún 2007, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ wọn kà á mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tuntun inú èdè náà. Ọ̀pọ̀ nínú obìnrin 24 tí ó ń dúró nídìí iná ni ó mọ orúkọ yìí dáadáa.

Ojúgbà mi ni ògbufọ̀ ilé. Àlàájà kì í ka Gẹ̀ẹ́sì tí ń sáré kọjá nísàlẹ̀ àwòrán, nítorí náà ọmọ wọn a máa kà á, a sì máa sọ ọ́ ní Yorùbá bí ó ti ń ká aṣọ ọjà. Ó mọ iṣẹ́ náà. Kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, kì í sì bù mọ́ ọn. Ohun tí mo rò nìyẹn títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta tí mò ń wí.

Ọkùnrin kan jáde wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti níyàwó rí, ó sì ní ọmọbìnrin kan. Kí ó tó sọ gbólóhùn méjì, iná ti ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Meng Fei bi í léèrè nípa ìgbéyàwó àkọ́kọ́, iná 24 ti ku 2. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Mo kà á nísàlẹ̀ àwòrán: ìwà òun àti ìyàwó kò bára mu, àwọn fi sùúrù pínyà, ọmọ wà lọ́dọ̀ òun. Kò sí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ojúgbà mi gbé aṣọ tí ó ń ká sílẹ̀. Ó ní: "Ó ní òun gbìyànjú. Ó ní ọdún mẹ́ta ni òun fi ń purọ́ fún àwọn ará ilé òun pé iṣẹ́ ni ó mú kí òun rù. Ó ní ní òru tí òun gbé ọmọ òun jáde, òun rò pé bí òun bá dúró di ọjọ́ kejì, òkú òun ni wọn yóò gbé. Ó ní ìyá òun kò bi òun léèrè rí."

Àwọn tí ó kọ́ mi ní èdè Yorùbá a máa sọ pé "ó" àti "òun" kò dá akọ mọ̀ yàtọ̀ sí abo. Ní kíláàsì, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì yege. Ní pálọ̀ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí a lè fi í ṣe. (Ojúgbà mi ti ka ìpínrọ̀ yìí kí n tó fi ránṣẹ́. Ó ní kí n má yọ nǹkan kan, kí n má ṣáà ti dárúkọ òun.)

Àlàájà kò yíjú kúrò lára amóhùnmáwòrán. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ọkùnrin ará Ṣáínà náà lóhùn: "Ẹ̀rù ni ó ń ba ìyá rẹ. Ó rò pé bí òun bá béèrè, o ó rò pé òun ń lé ọ padà síbẹ̀ ni." Wọ́n tún wí pé: "Ilé bàbá rẹ ni o wà. Kò sí ẹni tí ó lè pa iná rẹ níbí."

Ojúgbà mi gbé aṣọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a padà. Nínú eré, ọkùnrin náà yan ọ̀kan nínú àwọn obìnrin méjì tí ó kù, obìnrin náà sì bá a lọ. Ọmọ kékeré ń pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ ni NEPA mú iná lọ, gbogbo ilé kígbe lẹ́ẹ̀kan náà, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ẹ̀yìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Àlàájà fi iná fóònù sìn mí dé orí àtẹ̀gùn. Mo kúnlẹ̀ dágbére, wọ́n ki owó ọkọ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni pé ọmọ ilé-ìwé ni mo ṣì jẹ́. Mo ti sọ̀kalẹ̀ dé ìdajì nígbà tí wọ́n pè mí. Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìgbà mọ́kànlá ni mo lọ sí Ṣáínà," ni wọ́n wí. "Ọkùnrin yẹn kò sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀."