Kásẹ́ẹ̀tì Ayò: Èló Ni Kí N Pè É?

"Ta ló tún ń ṣe géèmù Terminator láyé òde òní?" Ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyẹn, ìdáhùn mi kò sì gùn: èmi ni. Ní yàrá ẹ̀yìn ilé tí a háyà, tí kò jìnnà sí Pen Cinema ní Agége, ni mo ti ṣe eré ayò ọlọ́pọ́n fún ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá ìsinsìnyí kò dá mọ̀ mọ́. Èmi ni mo kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, èmi ni mo fi lẹ́ẹ̀dì lẹ áísì mọ́ pánẹ́lì, èmi náà ni mo dì í sínú ike tí mo sì gbé e lọ tà. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó gba ìrònú lọ́wọ́ mi tó kí ènìyàn jókòó, kí ó sọ pé iye báyìí ni.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Èkó ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn yóò rántí ẹ̀rọ náà: pádì méjì, ihò kan lórí tí a ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀, àti kásẹ́ẹ̀tì tó ń ṣèlérí eré 9,999,999 nígbà tó jẹ́ pé eré díẹ̀ ni wọ́n ń yí orúkọ rẹ̀ padà. Bí kò bá ṣiṣẹ́, a óò yọ ọ́, a óò fẹ́ atẹ́gùn sí i nídìí, a óò tún ki í bọ̀. Àdàkọ ni ẹ̀rọ náà. Famicom ni ojúlówó rẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ Nintendo gbé jáde ní Japan ní ọjọ́ 15, oṣù Keje, 1983, lábẹ́ ọwọ́ ọ̀gbẹ́ni Masayuki Uemura, ẹni tó kú ní 2021. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà ní 1985, wọ́n yí ara rẹ̀ padà, wọ́n pè é ní NES. Èyí tó bá mẹ̀kúnnù dé Agége ni àdàkọ. N kò rí ojúlówó nílé ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa rí.

Ní òkè òkun, kò ṣàjèjì mọ́ kí ènìyàn ṣe eré tuntun fún ẹ̀rọ àtijọ́ yìí. Ní 2010 ni Battle Kid jáde. Ní 2019, àwọn Morphcat Games ní Jámánì gbé Micro Mages jáde, wọ́n sì rọ gbogbo rẹ̀ sínú kílóbáìtì 40, ìwọ̀n kan náà tí Super Mario Bros. ti 1985 ní. Àwòrán kan ṣoṣo tí ẹ bá fi fóònù yín yà lónìí wúwo ju eré náà lọ lọ́nà púpọ̀. Dọ́là 50 sí 60 ni wọ́n sábà ń ta irú kásẹ́ẹ̀tì tuntun bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Níhìn-ín ní Èkó, àwọn bíi Maliyo Games ti ń ṣe eré wa láti 2012, ṣùgbọ́n fóònù ni wọ́n ń ṣe é fún, ọ̀fẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń retí pé kí eré fóònù jẹ́. Èmi wà láàrin méjèèjì, n kò sì rí ẹni tí mo lè wo iye owó rẹ̀ kọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ náà, nítorí ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Báìtì 2,048 péré ni ààyè ìrántí ẹ̀rọ yìí. Ayò ní tirẹ̀ kò fẹ́ púpọ̀: ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fún ihò kan ní báìtì kan, báìtì 12 ti tó láti rántí gbogbo ọpọ́n. Àwòrán ni wàhálà. Ẹ̀rọ náà kò lè fi ju ohun mẹ́jọ tó ń rìn lọ hàn lórí ìlà kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, àwọn tó kù yóò pòórá. Bí mo bá ka ọmọ ayò sí ohun tó ń rìn, ọ̀pọ̀ wọn yóò di àwátì lójú ọpọ́n, ìjà yóò sì bẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà mo ya wọ́n mọ́ ara ọpọ́n gan-an, ó wá ku ọwọ́ nìkan tó ń rìn láti ihò dé ihò.

Èdè tún ni òmíràn. Mo ti búra pé Yorùbá ni eré náà yóò sọ, pẹ̀lú àmì ohùn. Inú àpótí kékeré tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹyọ àmì mẹ́jọ, tí gíga rẹ̀ náà jẹ́ mẹ́jọ, ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wọ̀. Ẹ wá ya "ọ̀" síbẹ̀: àmì lórí, àmì nídìí, lẹ́tà láàrin. Kò gbà. Àbúrò mi obìnrin, ẹni tó ya gbogbo àwòrán inú eré náà, ló rí ọ̀nà rẹ̀: ó fún lẹ́tà pọ̀ díẹ̀ kí àmì ìsàlẹ̀ lè ráàyè, ó wá fi àmì ohùn sí àpótí òkè rẹ̀, bí ẹni gbé igbá lé orí. Lẹ́tà 25 ni ábídí wa, ṣùgbọ́n "gb" kò gba àpótí tirẹ̀. "G" àti "b" ló dìmọ́ra. Àwọn kan sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bí a bá yọ àmì kúrò. "Ọ̀ta" tí kò lámì kì í ṣe ọ̀ta mọ́. Ó lè di ẹni tó ń bá ènìyàn jà.

Ilé iṣẹ́ oníke kan ní Ikẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ oòjọ́, mo sì mọ ohun tí mọ́ọ̀dù ń jẹ́. Irin ni wọ́n ń gbẹ́, kí wọ́n tó da ike yíyọ́ sí i. Owó gbígbẹ́ rẹ̀ lè ra ọkọ̀ àlòkù, àfi ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló lè dá a lé. Ọgbọ̀n péré ni mo fẹ́ ṣe. Mo wá gba Computer Village lọ, sí àdúgbò Ọ̀tígbà, ọjà tí ìjọba ti ń sọ tipẹ́ pé àwọn yóò kó lọ sí Kàtàngówà, tí kò tíì kúrò níbẹ̀. Mo ń ra òkú kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn tó ń tún nǹkan ṣe, mo ń tú u, mo ń da inú rẹ̀ nù, mo ń fọ ike rẹ̀. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ike tó ti fi ọdún gbogbo purọ́ eré 9,999,999 ló wá ń gbé eré kan ṣoṣo tí kì í ṣe ayédèrú.

China ni pánẹ́lì ti ń wá. Áísì méjì ni kásẹ́ẹ̀tì nílò, ọ̀kan fún àṣẹ, ọ̀kan fún àwòrán. Àlòkù ni mo ń rà, irú èyí tó ní fèrèsé gíláàsì kékeré lẹ́yìn, tí a ń tan iná ultraviolet sí kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè parẹ́. Nínú mẹ́wàá, ó kéré tán méjì kì í gba nǹkan mọ́. Ṣómólú ni mo ti tẹ bébà ara rẹ̀ àti páálí.

Ó wá kan owó. Mo ṣírò ohun tí ọ̀kan ń ná mi: áísì ₦3,200 pẹ̀lú àwọn tó bàjẹ́, pánẹ́lì àti owó ọkọ̀ rẹ̀ ₦2,300, ike ₦800, páálí, bébà àti ìwé àlàyé ₦1,900, lẹ́ẹ̀dì àti epo jẹnẹrétọ̀ ₦800. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦9,000. Àbúrò mi ń gba ₦2,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo wá ní lọ́kàn láti pè é ní ₦12,000, kí ara lè gba àwọn ará àdúgbò.

Aránṣọ ni ìyàwó mi. Ó wo ìwé náà, ó ní, "Bàbá Ìbejì, mo rí owó áísì, mo rí owó epo. Ta ló ń san owó oorun yín?" Oṣù méje ni mo fi kọ eré náà lóru, lẹ́yìn tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó ní bí òun bá ń rán aṣọ, tòwú tiná ni òun ń kọ́kọ́ yọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun ni oníbàárà ń sanwó fún, nítorí oníbàárà ló ni aṣọ. A jọ gbé e lé ₦18,000. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ₦7,000 ló kù lórí ọ̀kan, ₦210,000 lórí ọgbọ̀n bí gbogbo rẹ̀ bá tà. Owó oṣù mẹ́ta ni fún ẹni tó ń gba ₦70,000 tí ìjọba fi lélẹ̀ ní 2024 pé kí owó òṣìṣẹ́ má kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù méje òru, oṣù mẹ́ta owó. N kò pe ìyẹn ní èrè, ṣùgbọ́n kì í ṣe àánú mọ́.

Àwọn Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé sí mi. Mo pè é ní dọ́là 55 fún wọn, ọ̀kan nínú wọn sì bínú pé mo ń rẹ́ òun jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ehín irin 60 ni kásẹ́ẹ̀tì tiwa ní. 72 ni ti NES tó wà lọ́dọ̀ wọn, áísì aṣọ́nà kan sì wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí àlejò wọlé. Pánẹ́lì mìíràn ni wọ́n nílò, áísì mìíràn, àti owó ìfiránṣẹ́. Kí oṣù Kẹfà 2023 tó mú ìyípadà wá, dọ́là kan kò tó ₦500. Kí 2024 tó parí, ó ti lé ní ₦1,500. Dọ́là 55 wá ju owó oṣù òṣìṣẹ́ tí mo dárúkọ lókè yìí lọ. Ó ń tijú mi láti sọ ọ́ sétí ará Agége, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè torí ìtìjú ta á ní àdánù fún ẹni tó ń ná pọ́n-ùn. Mẹ́jọ ni wọ́n rà.

Oníṣòwò kan náà wá ra ọ̀kan, ó ń béèrè bóyá mo ti dè é kí wọ́n má lè dà á kọ. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ. Kílóbáìtì 40 kò gba ìṣẹ́jú púpọ̀ lọ́wọ́ adàkọ. N kò dè é. Orúkọ èmi àti àbúrò mi ló kọ́kọ́ ń yọ kí ọpọ́n tó ṣí. Ẹni tó bá jí i yóò bá wa polówó.

Ohun tí n kò retí ni ti ilé géèmù kan lẹ́bàá ọ̀nà wa. Àwọn ọ̀dọ́ ń sanwó níbẹ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù lórí PlayStation. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì kan àti ẹ̀rọ àlòkù kan fún ẹ̀gbọ́n tó ni ibẹ̀, a sì ṣàdéhùn: ₦100 ni ìtàkúrọ̀sọ kan lórí ọpọ́n, ₦30 tèmi, ₦70 tirẹ̀ nítorí òun ló ń ra epo. Ní oṣù márùn-ún, ìgbà 780 ni wọ́n ti ta á. ₦23,400 ti bọ́ sí mi lọ́wọ́ lórí kásẹ́ẹ̀tì tí n kò tà. Ní àdúgbò wa, ẹni tí kò lè mú ₦18,000 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè mú ₦100 sílẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, mo sì rò pé ọ̀nà tí ìpele kejì yóò gbà nìyẹn: ilé géèmù mẹ́fà kí n tó tún wá ẹni tí yóò rà á.

Bàbá onílé wa wà lára àwọn tó ń lọ síbẹ̀. Ìgbà tí mo dárúkọ iye kásẹ́ẹ̀tì fún wọn, wọ́n ní ọpọ́n onígi gidi ni àwọn yóò fi owó yẹn rà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń lọ. Wọ́n ti na ẹ̀rọ náà lórí ipò tó le jù, wọ́n sì wá kan ilẹ̀kùn mi ní ọjọ́ Àìkú.

"Ọmọ mi, ẹ̀rọ rẹ mọ̀ ọ́n ta o. Ṣùgbọ́n kì í bú èèyàn. Ayò wo la ń ta tí ọ̀ta kì í bú òpè?"

Báìtì 311 ló ṣẹ́ kù nínú kásẹ́ẹ̀tì náà. Èmi àti àbúrò mi ti ń wá èébú tó lè wọ̀ ọ́.