Ó Dìgbóṣe, Lápàdé

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín mi bí mo bá sọ fún yín pé, èmi olùkọ́ ìjọ ní Ìlọrin, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sá fún ojú ewé mọ́kànlá péré nínú ìwé ìtàn kan.

Àgbàlagbà Akàn ni ìwé náà, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé jáde ní ọdún 1971. Òun ni ó tẹ̀lé Àjà Ló Lẹrù ti ọdún 1969, nínú èyí tí a ti kọ́kọ́ pàdé Lápàdé, ọkùnrin tí ó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè fi ọ̀daràn sílẹ̀, òun àti Tàfá Ìgìrìpá, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kí náírà tó dé ní ọdún 1973 ni a ti kọ ìwé méjèèjì. Nítorí náà, ìtàn ayé àtijọ́ ni wọ́n jẹ́ lójú àwọn ọmọ mi.

Bàbá mi a máa kà wọ́n sókè fún wa ní Sabo-Òkè, orí kan ní alẹ́ kan. Bí a bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi díẹ̀ kún un, wọn a pa ìwé dé, wọn a ní, "Ẹ lọ sùn. Bí Lápàdé bá mú olè tán lálẹ́ yìí, ta ni yóò mú lọ́la?"

Ní ọdún 2012 ni àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, ó sì kàn mí láti máa kàwé fún wọn. Ó ku ojú ewé mọ́kànlá nígbà tí wọ́n sùn, tí wọn kò sì jí mọ́. Mo fi páálí ṣàmì sí ibẹ̀, mo sì ti ìwé náà mọ́ inú àpótí. Mo ti mọ ìparí ìtàn náà láti kékeré. Ìparí ohùn bàbá mi ni mo ń sá fún.

Ní ọdún 2019, Òkédìjí náà pa ipò dà. Ọwọ́ tí ó dá Lápàdé sinmi, èmi kò sì ṣí àpótí.

Láìpẹ́ yìí ni àbíkẹ́yìn mi rí ìwé náà, ó ní, "Bàbá, ẹ kà á fún mi." Mo bẹ̀rẹ̀ níbi páálí. Nígbà tí ó ku ojú ewé mẹ́rin, mo pa ìwé dé, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi ń wí pé, "Lọ sùn. Bí Lápàdé bá mú olè tán lálẹ́ yìí, ta ni yóò mú lọ́la?"

Ẹ̀yin ará, inú àpótí ni ìwé ti ń kú. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì a kà á tán, mo sì dágbére fún Lápàdé. Ọmọ náà ti di Àjà Ló Lẹrù mú lọ́wọ́, ó ń dúró dè mí.