Ibi Tí Mo Gbé Jáàkì Sí

Ká ní ẹlòmíràn ló tún fáànù mi ṣe, ǹ bá rí ẹni bá jà. Èmi fúnra mi ni. Mo kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Mushin kí n tó wá sí Atlanta, mo sì ń fi iṣẹ́ náà yangàn: bí mọ́tò ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa bá ń ké, èmi ni wọ́n ń pè. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun níhìn-ín ni pé mò ń yá àwọn olóde ní àga, tábìlì àti kánópì. Àgbà fáànù Chevrolet Express kan ló ń kó wọn káàkiri Decatur, Lithonia àti Stone Mountain.

Abẹ́ táyà ọ̀tún iwájú ni ariwo náà ti bẹ̀rẹ̀. Kó! Kó! nígbàkígbà tí mo bá gun àwo irin tí wọ́n fi ń bo kòtò lójú títì. (Ará Atlanta mọ àwo irin tí mò ń wí. Wọ́n á gbé e síbẹ̀ bíi pé ọ̀la ni wọ́n máa kó o, á sì di ará àdúgbò.) Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Bàbá Tóyìn, fáànù yìí ń ké o." Mo ní mo ti gbọ́.

Mo gbé jáàkì sábẹ́ ṣáàsì, mo gbé e sókè títí táyà fi kúrò nílẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan di òkè táyà mú, mo fi èkejì di ìsàlẹ̀ mú, mo mì ín, kí n lè mọ̀ bóyá ball joint, oríkèé irin tó di ẹsẹ̀ táyà mú, ti jẹ. Kò mì. Mo di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì mú, kí n lè mọ̀ bóyá tie rod, irin tó ń yí táyà, ló jẹ. Gbọn-in gbọn-in. Mo ṣe òdìkejì náà bẹ́ẹ̀, òun náà le dandan. Mo ní á jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì ló ti kú. Mo ra ṣọ́ọ̀kì tuntun méjì, mo dè wọ́n, ariwo ò lọ. Mo gbé e lọ ṣe àláìmẹ́ǹtì, táyà ṣì ń jẹ láti inú. Mo bá dá títì lẹ́bi.

Ohun tí mo kọ́ ní Mushin ló tàn mí. Peugeot 504, Corolla àti Camry ni mo fi kọ́ṣẹ́, bákan náà sì ni iwájú wọn rí: ṣọ́ọ̀kì gígùn tí sípíríǹgì wé mọ́, tí orí rẹ̀ gún abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Earle MacPherson, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, ló gbé irú rẹ̀ jáde. Ford fi sínú Consul tí wọ́n ṣe ní England ní 1950. Nínú irú iwájú yìí, inú ṣọ́ọ̀kì yẹn ni ìwúwo mọ́tò ń gbà dé ẹsẹ̀ táyà. Ball joint ìsàlẹ̀ kàn ń di ẹsẹ̀ mú kó má yà kúrò lọ́nà ni, kò ru ẹrù mọ́tò. Tí o bá ti gbé ṣáàsì sókè tí táyà ń fì, ohunkóhun ò fún un mọ́. Bó bá ti jẹ, ọwọ́ rẹ á mọ̀.

Fáànù mi kò rí bẹ́ẹ̀. Apá irin méjì tí à ń pè ní arm ló ní, tòkè àti tìsàlẹ̀ (lower arm), orí tìsàlẹ̀ sì ni sípíríǹgì jókòó sí. Ẹrù iwájú á bọ́ sórí sípíríǹgì, sípíríǹgì á tì í sórí lower arm, á gba ball joint kọjá kó tó dé táyà. Irin roboto kan tó wà nínú ife irin ni ball joint, ó ń yí bí orí eegun itan ṣe ń yí nínú ihò rẹ̀. Gíríìsì ló ń mú un yọ̀, rọ́bà ló bò ó. Bí rọ́bà bá ya, omi àti iyanrìn á wọlé, gíríìsì á jáde, irin á wá máa jẹ irin. Ball joint tèmi ti jẹ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé ṣáàsì sókè, sípíríǹgì ò sinmi; ó ṣì ń fi gbogbo agbára rẹ̀ ti lower arm sísàlẹ̀, ó sì fún ball joint pinpin. Èmi ń mi táyà, sípíríǹgì ń dì í mú.

Ìwé ìjọba tún fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ní káúńtì 13 tó yí Atlanta ká, ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń lo epo bẹntiróòlù gbọ́dọ̀ yege ìdánwò èéfín lọ́dọọdún kí wọ́n tó tún nọ́ńbà rẹ̀ ṣe. Èéfín nìkan ni wọ́n ń wá. Georgia kì í yẹ ẹsẹ̀ mọ́tò aládàáni wò. Ìdánwò MOT ti England ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún bí mọ́tò bá ti pé ọdún mẹ́ta, LACVIS, ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ mọ́tò wò ní Èkó, náà ní ẹ̀rọ tó fi ń ṣe é. Mo rí i pé fáànù mi yege, mo sùn dáadáa. Mẹkáníìkì àgbà!

Ọjọ́ Sátidé ni, àga ìdána kan ni mò ń kó lọ sí Lithonia. Mo ń yà kúrò ní ilé epo kan ní Candler Road nígbà tí táyà ọ̀tún ká sínú, tí imú fáànù sì lu ilẹ̀. Ọ́ọ̀sì bírékì já, fẹ́ńdà fọ́. Ká ní ó tún pẹ́ díẹ̀ sí i ni, orí òpópónà márosẹ̀ I-20 láàárín àwọn tírélà ni ì bá ti ṣẹlẹ̀. Àga ò dé òde. Mo dá owó ìyá ìyàwó padà, kò sì gbà á tayọ̀tayọ̀: "Ẹ dójú tì mí lójú àna mi." Mo sanwó ọkọ̀ tó wọ́ fáànù, mo yá fáànù míì, mo ra ẹ̀yà ara mọ́tò. Gbogbo rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là. Ball joint tí ǹ bá rà ò tó ọgọ́rùn-ún.

Ọ̀gá kan, ará Ìjẹ̀bú, ló bá mi tún un ṣe. Ìbéèrè kan ló bi mí: "Ibo lo gbé jáàkì sí?" Mo ní abẹ́ ṣáàsì ni, sà. Kò sọ nǹkan kan. Ó lọ sí ọwọ́ òsì tí kò tíì já, ó gbé jáàkì sábẹ́ lower arm nítòsí ball joint, ó ki irin gígùn bọ abẹ́ táyà, ó rọra gbé e. Táyà gòkè, ó bọ̀. Ball joint ń lọ, ó ń bọ̀ nínú ife rẹ̀. Èyí tí mo ní ó le dandan nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní fáànù tàbí jíípù àgbà, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí sípíríǹgì iwájú jókòó sí. Bó bá wà lórí lower arm, abẹ́ arm yẹn ni jáàkì ń lọ, kí ẹ sì fi nǹkan tó lágbára ti ṣáàsì kó má wó lù yín. Bó bá wé mọ́ ṣọ́ọ̀kì tó gún abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ṣáàsì ni kí ẹ gbé. Bí ariwo bá ń bá a lọ tí ọwọ́ yín ò sì rí nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra ṣọ́ọ̀kì.