Ibùsọ̀ Mélòó Ni Ọkọ̀ Yìí Ti Rìn?

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń kọ́ èdè wa bi mí pé ọ̀rọ̀ wo ni ó yẹ kí á máa lò fún ohun tí gbogbo mẹkáníìkì Èkó ń pè ní máìléèjì. Mo dá a lóhùn pé "iye ibùsọ̀ tí ọkọ̀ ti rìn" ni, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ó rán mi létí ọkọ̀ kan tí a rà ní agbègbè Ọ̀jọ́ ní ọdún 2012, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba àárín ìdílé wa àti ọ̀rẹ́ olóògbé bàbá wa jẹ́.

Kí á tó dé orí ọkọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ibùsọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ bíi ibùdó, ibùsùn àti ibùjókòó: ibi tí a ń dó sí, ibi tí a ń sùn sí, ibi tí a ń jókòó sí. Ibùsọ̀ ni ibi tí a ti ń sọ ẹrù kalẹ̀. Alárùú a máa rìn títí ọrùn yóò fi wọ̀ ọ́, yóò sọ ẹrù rẹ̀, yóò mí, yóò sì tún un gbé. Ọrùn ẹni tí ó rin ọ̀nà ni a fi ń mọ bí ọ̀nà ti jìn tó. Lẹ́yìn èyí ni máìlì àwọn Òyìnbó wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Lónìí, àwọn kan ń pe máìlì ní ibùsọ̀, àwọn mìíràn ń pe kìlómítà bẹ́ẹ̀, máìlì kan sì jẹ́ kìlómítà 1.609. Ìyàtọ̀ yìí kò kéré. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ni a ti fi í rẹ́ jẹ, tí ẹni tí ń ta ọkọ̀ Amẹ́ríkà yóò máa sọ pé kìlómítà ni ohun tí ó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, nígbà tí ó jẹ́ pé máìlì ni.

Inú bárékè Ọ̀jọ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ọ̀jọ́ Cantonment, ni a ti dàgbà. Ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, tí ó sì dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ni ó gba agbègbè wa kọjá. Ọ̀nà ọkọ̀ ni, kì í ṣe ní ti pé ọkọ̀ ń rìn lórí rẹ̀ nìkan. Etí ọ̀nà yìí ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní ọdún 1975, tí ọkọ̀ tí a ń pè ní Ìjàpá ń ti ibẹ̀ jáde ní tuntun. Volkswagen ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ibùdókọ̀ Volks ṣì ń jẹ́ Volks. Nígbà tí ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù, tòkunbọ̀ ni ó gba ojú ọ̀nà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni Tòkunbọ̀, ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a gbé wá sílé. Ta ni ó kọ́kọ́ fi sọ ọkọ̀ lórúkọ? Ẹni náà gbọ́ Yorùbá dénú, nítorí pé bí a kì í ti í béèrè ohun tí ojú Tòkunbọ̀ rí lọ́hùn-ún kí ó tó dé, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkọ̀.

Owó tí màmá wa fi pamọ́ láti inú owó tí ológun san nígbà tí bàbá wa kú, àti èyí tí ó kó nínú àjọ ní Ìyànà Ìbà, ni a fẹ́ fi ra ọkọ̀ fún àbúrò mi kí ó lè máa fi kó èrò láti Ìyànà Ìbà lọ sí Ìgandò. Kò sí owó mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá wa kan, ológun tí ó ti fẹ̀yìntì, ń ta ọkọ̀ méjì mẹ́ta níwájú ilé rẹ̀ ní Òkókómáíkò. Bàbá Sájẹ́ǹtì ni gbogbo wa ń pè é. Ó ń kó ọkọ̀ láti Kùtọnu. Ìjọba kò tíì fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé nígbà náà, oṣù kìíní ọdún 2017 ni òfin yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Ó fi Toyota Camry ti ọdún 2000 hàn wá. Ó dán, kò ní egbò kankan lára, nọ́ḿbà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sì jẹ́ 84,216. "Ìyá arúgbó kan ni ó ń fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì," ni Bàbá Sájẹ́ǹtì wí. (Ìyá arúgbó tí ń fi ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Amẹ́ríkà yìí, ó ti tó ọkọ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tí mo gbọ́ pé ó ní.)

Àbúrò mi ti fẹ́ sanwó. Màmá wa ni ó ní kí á pe mẹkáníìkì. Ọkùnrin tí ó wá kò wo nọ́ḿbà náà rárá. Ó jókòó sí àyè awakọ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra sitiárìn, ó sì rí i pé apá òkè rẹ̀ ti ń dán bí ọwọ́ ọkọ́ tí àgbẹ̀ ti lò pẹ́. Ó fa bẹ́líìtì àyà jáde dé òpin, etí rẹ̀ ti hu irun. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ bíréèkì, ó sì rẹ́rìn-ín. Rọ́bà rẹ̀ tuntun ni. Èmi rò pé ohun rere nìyẹn, ṣùgbọ́n ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, rọ́bà tí ó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́, kí ni ó jẹ ẹ́ tán ní ibùsọ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin?" N kò ní èsì. Ọkọ̀ tí kò rìn púpọ̀ kì í nílò bàtà tuntun.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lára ike tí ó bo táímìn bẹ́líìtì, lábẹ́ eruku, ni ìwé pélébé kan lẹ̀ mọ́. Àwọn mẹkáníìkì Amẹ́ríkà a máa lẹ irú rẹ̀ mọ́ ibẹ̀ láti fi ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì àti iye máìlì ọjọ́ náà hàn. Ohun tí a kọ síbẹ̀ ni oṣù kẹta ọdún 2008, àti 158,400. Ọwọ́ tí ó dá nọ́ḿbà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù padà kò rántí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti ọkọ̀ yìí kò tilẹ̀ tó ọdún mẹ́rin.

Mo kọ nọ́ḿbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà sílẹ̀ láti ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn àmì àti lẹ́tà yóò gbádùn èyí. Láti ọdún 1981 ni àmì náà ti di mẹ́tàdínlógún géérégé fún àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà. Wọn kì í lo I, O tàbí Q, kí ojú má baà ṣì wọ́n kà sí 1 àti 0. Àmì àkọ́kọ́ ń sọ ilẹ̀ tí a ti ṣe é: J ni ti Japan, 4 wà lára èyí tí Amẹ́ríkà ń lò. Àmì kẹwàá ni ó ń sọ ọdún, Y sì ni ti ọdún 2000. Ti ọkọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4, ó sì ní Y ní ipò kẹwàá, nítorí náà òtítọ́ ni ọdún tí Bàbá Sájẹ́ǹtì sọ. Mo fi nọ́ḿbà náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi kan ní Maryland, ó sanwó ìtàn ọkọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní kafé kan nítòsí ẹnu ọ̀nà yunifásítì LASU. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, níbi àyẹ̀wò èéfín, wọ́n kọ 186,900 sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́ títí ó fi wọ ọkọ̀ ojú omi ní òpin ọdún 2011.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ní ọdún mẹ́jọ àkọ́kọ́, ó rin 158,400, tí ó jẹ́ nǹkan bí 19,800 lọ́dún. Láti oṣù kẹta ọdún 2008 sí oṣù kẹwàá ọdún 2010, 28,500 péré ni ó fi kún un, nǹkan bí 11,000 lọ́dún. Ọkọ̀ a máa dín ìrìn kù bí ó bá ti ń dàgbà. Bí a bá fi ọdún kan lé díẹ̀ kún un ní ìwọ̀n kejì yìí, yóò sún mọ́ 200,000 máìlì. Ìyẹn lé ní 320,000 kìlómítà. Nǹkan bí ibùsọ̀ 116,000 ni ẹnìkan ti gbé mì.

Ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Láti ọdún 1972 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, òfin ọdún 1986 sì fi agbára kún un. Síbẹ̀, àjọ tí ń rí sí ààbò ojú pópó níbẹ̀ fojú bù ú pé ó lé ní 450,000 ọkọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́dọọdún pẹ̀lú máìléèjì èké. Ihò kan sì wà nínú òfin náà nígbà tiwa: ọkọ̀ tí ó bá ti pé ọdún mẹ́wàá, ẹni tí ń tà á kò ní láti kọ iye máìlì rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún 2021 ni wọ́n sọ ọ́ di ogún ọdún fún ọkọ̀ ọdún 2011 àti àwọn tí ó tẹ̀lé e. Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù, tí púpọ̀ nínú ọkọ̀ àlòkù wọn ń gba Antwerp lọ sí Kùtọnu, gbọ́n jù wọ́n lọ. Láti oṣù kejìlá ọdún 2006, ẹni tí ó bá ta ọkọ̀ àlòkù fún aráàlú níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tí wọ́n ń pè ní Car-Pass, níbi tí gbogbo iye kìlómítà tí àwọn mẹkáníìkì ti kọ sílẹ̀ wà. Láàrin Antwerp àti Sẹ̀mẹ̀, ta ni yóò béèrè ìwé yẹn?

Ìṣòro tí ó kù ni bí a ó ṣe sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè wa, ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa: a kì í sọ fún àgbàlagbà pé irọ́ ni ó pa. Kò sí gbólóhùn náà ní ẹnu ọmọ tí a kọ́. A lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, tàbí pé ó jọ pé wọ́n ti tan bàbá jẹ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ó jọ pé àwọn ará Kùtọnu ti tàn yín jẹ o." Mo na ìwé méjèèjì sí i.

Ó kà wọ́n pẹ́. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni ó sọ. Ó ní ní ọdún 1967, nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún márùndínlógún ni òun nígbà tí òun lọ wọṣẹ́ ológun. Òun sọ pé òun ti pé méjìdínlógún, wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "Ẹni tí ó kọ ọ́ kò béèrè lọ́wọ́ ìyá mi. Ọdún mẹ́ta tí mo fi kún un yẹn, ìjọba gbà á padà lọ́wọ́ mi nígbà ìfẹ̀yìntì." Ó ní bí òun ṣe bá nọ́ḿbà náà lójú ọkọ̀ ni òun ṣe rà á.

Màmá wa, tí kò tíì sọ nǹkan kan, wá rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, kò sí ìwé ìbí lọ́wọ́ òbí òun. Olùkọ́ ní kí òun gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kí òun fi kan etí òsì. Ọwọ́ kàn án, wọ́n gbà á sílé ìwé, wọ́n kọ ọdún mẹ́fà sílẹ̀ fún un. "Ẹ̀gbọ́n, a kò bá yín jà. Ọkọ̀ yìí ni a ní kí ó fi ọwọ́ kan etí."

Mílíọ̀nù kan ó lé 150,000 náírà ni Bàbá Sájẹ́ǹtì ti ń pè é. Ó gbà á sí 820,000 láìjiyàn. Títí di òní, àìjiyàn yẹn ni kò jẹ́ kí n mọ èyí tí n óò gbàgbọ́, bóyá ojú ni ó tì í ni, tàbí pé ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Màmá wa kò fẹ́ kí á dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ó wá síbi ìsìnkú màmá bàbá wa ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó jókòó láàrin ẹbí, ó sì jẹun.

Àbúrò mi wa ọkọ̀ náà fún ọdún mẹ́fà. Ó pààrọ̀ gíà lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú èyí tí ó rà ní Trade Fair, kò sì sí ohun ńlá mìíràn. Nígbà tí ó fẹ́ tà á ní ọdún 2018, ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ti di 181,002. Ó mú bébà, ó kọ gbogbo ìṣirò wa sí i, ó fi sínú àpótí iwájú ọkọ̀: nǹkan bí 297,000. Oníbàárà méjì kà á, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ibùdókọ̀ pè é ní wèrè. Ẹnìkẹta, obìnrin tí ń ta oúnjẹ ní Ìbà, ní kí ó ka bébà náà sí òun létí. Ó kà á tán. Obìnrin náà ní kí ó tún un kà, lẹ́yìn náà ni ó ní kí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí òun fi ojú ara òun rí ìwé pélébé yẹn.