Àgọ́ ni tàbí Ahéré?

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ jìnnà sí ìlú kò lè ṣe kí ó má ní ibi tí yóò máa sùn lóko. Oríṣi ibùgbé méjì ni ó wà níwájú rẹ̀. Èkíní ni àgọ́: òpó mẹ́rin, ìtàkùn, àti imọ̀ ọ̀pẹ tàbí ewé gbódógì. Ọ̀sán kan tó láti pa á. Bí iṣẹ́ bá sún síwájú, a ó tú u, a ó sì tún un pa síbòmíràn. Èkejì ni ahéré, tí a fi amọ̀ mọ, tí ó ní òrùlé àti ilẹ̀kùn. Òjò kò rí i gbé ṣe, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbé kúrò.

Àwọn Òyìnbó pẹ̀lú ní irú ìṣòro yìí. Nínú àwọn ilé orí táyà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò lọ sí ìgbafẹ́, ọ̀kan jẹ́ aṣọ tí a ń ká pọ̀. Òmíràn ní ara líle, ibùsùn rẹ̀ nìkan ni ó ń yọ síta lábẹ́ aṣọ. Ìwúwo, owó àti òjò ni wọ́n fi ń yàn. Ní agbègbè Orílẹ̀-Òwu, Ìkirè àti Àpòmù, ọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a gbé àgbẹ̀ kan yẹ̀ wò, tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń fẹ́ ahéré, nítorí pé òjò ń pa ọmọ, kòkó tí wọ́n sá sì ń bu. Ọkọ mọ̀ pé òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pẹ̀lú pé ẹni tí ó mọ ògiri sórí ilẹ̀ ti sọ ohun kan láìlanu. Bí onílẹ̀ bá rí àgọ́, àlejò ni ó rí. Bí ó bá rí ògiri, ó lè rò pé àlejò fẹ́ di onílé.

Ilẹ̀ Òwu ti mọ ìtumọ̀ ògiri tipẹ́tipẹ́. Ní nǹkan bí 1821, ìjà lórí ataare ní ọjà Àpòmù di ogun. Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, àti àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé, dó ti Òwu fún nǹkan bí ọdún márùn-ún kí ó tó fọ́. Ní nǹkan bí 1829, àwọn jagunjagun náà dó sí Ìbàdàn, ibùdó wọn sì di ìlú ńlá. Òwu tí ó ní odi ni ó di orílẹ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé àwọn aṣẹ́gun pàṣẹ pé a kò gbọdọ̀ tún ìlú náà kọ́ mọ́. A lè dáko níbẹ̀. A kò gbọdọ̀ kọ́lé.  Àwọn aṣẹ́gun mọ̀ pé oko kì í pe ara rẹ̀ ní ìlú. Ibi tí ògiri bá ti dúró ni ìlú ti ń bẹ̀rẹ̀. Lónìí, Orílẹ̀-Òwu ti ní ilé, ó sì ní Olówu.

Nítorí náà, kí àgbẹ̀ wa tó po amọ̀, ọ̀dọ̀ onílẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ lọ, kí ó sì mú ẹlẹ́rìí dání. Bí onílẹ̀ bá gbà, kí ó mọ ahéré fún aya àti ọmọ rẹ̀. Bí kò bá gbà, kí ó pa àgọ́ tí òrùlé rẹ̀ nípọn, kí ó sì máa ru kòkó lọ sá nílé. Òjò ọdún kan ṣeé fara dà. Ẹjọ́ ilẹ̀ a máa pẹ́ ju òjò lọ.