Irú Atẹ́gùn Tó Ń Ṣí Páànù Ní Ògbòòrò Ló Gbé Àwọn Oníkẹ̀kẹ́ Méjì Lọ Sókè

Ẹ bi káfíńtà tó bá ti so pákó pẹlẹbẹ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà láti Ṣakí wá sí Ògbòòrò léèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí lójú ọ̀nà. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni gbogbo agbègbè yẹn. Igbó kìjikìji kò sí níbẹ̀ tí yóò dá atẹ́gùn dúró. Igi ẹmì kan níbí, igi igbá kan lọ́hùn-ún, koríko ló kù. Bí atẹ́gùn bá ti ráyè wọ abẹ́ pákó yẹn, ńṣe ni yóò fẹ́ gbé ọ̀kadà àti ẹni tó gùn ún sọ sínú koríko. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì ń bọ̀, kí ìyá tó pe ọmọ pé kó wá kó aṣọ, páànù ti ṣí lórí ilé. Ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mọ̀ pé atẹ́gùn kì í kàn ti nǹkan lásán, ó máa ń gbé e ni.

Ẹ gbọ́ o, ìdí bàálù kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ: kí èèyàn kan ohun tí atẹ́gùn yóò gbé, kó sì mọ bí yóò ṣe darí rẹ̀ tí kò fi ní pa á. Àwọn méjì tó rí ọ̀rọ̀ náà yanjú kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n. Ìlú Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ni Wilbur Wright àti àbúrò rẹ̀ Orville ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tí wọ́n sì ń to kẹ̀kẹ́ tà. Kò sí èyí tó gba ìwé ẹ̀rí girama nínú àwọn méjèèjì.

Ní 1896 ni wọ́n kà á nínú ìwé ìròyìn pé Otto Lilienthal, ará Jámánì tó ti fi ìyẹ́ àtọwọ́dá fò láti orí òkè ju ìgbà 2,000 lọ, já lulẹ̀, ó sì kú lọ́jọ́ kejì. Ìyẹ́ ọkùnrin yẹn ń gbé e dáadáa. Àmọ́ tí atẹ́gùn bá yí padà, kò ní ohun kan tó lè fi darí rẹ̀ àfi kó máa ju ara sọ́tùn-ún sósì. Ibẹ̀ ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ yìí tẹjú mọ́. Lọ́jọ́ kan ní 1899, Wilbur ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, páálí tí wọ́n fi di túùbù kẹ̀kẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá ń lọ́ ọ láìmọ̀. Ó wò ó, igun kan ń tẹ̀ sókè, èkejì ń tẹ̀ sílẹ̀, síbẹ̀ páálí kò ya. Bí ó ṣe yẹ kí ìyẹ́ rí nìyẹn! Nínú oṣù keje ọdún náà ló kan àwòṣe kékeré, ìyẹ́ méjì lórí ara wọn, ẹsẹ̀ bàtà 5 ní gígùn, ó so okùn mọ́ ọn bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń so okùn mọ́ ìwé kí atẹ́gùn gbé e. Ó ṣiṣẹ́.

Wàyí o, àwòṣe kékeré kò le. Ńlá tí èèyàn yóò dùbúlẹ̀ lé lórí ni wàhálà. Dayton kò ní atẹ́gùn tó tó, bẹ́ẹ̀ ni kò ní yanrìn tí èèyàn lè já lé tí kò fi ní kán lẹ́sẹ̀. Wilbur kọ lẹ́tà, wọ́n júwe Kitty Hawk fún un, abúlé apẹja létí òkun ní North Carolina, nǹkan bíi 700 máìlì sí ilé. Káfíńtà tó gbọ́n kì í kan bẹ́ẹ̀dì tán kó tó gbé e sọ́kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Wilbur ṣe. Ó gé àwọn igi ìyẹ́ kéékèèké sílé, ó gé aṣọ sàtíìnì funfun, ó dì wọ́n sínú àpótí. Igi gbọọrọ tó máa gba àárín ìyẹ́ kọjá nìkan ló kù, ó ní òun yóò rà á lọ́nà.

Ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án 1900 ló wọ ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tó dé Norfolk, kò rí igi ẹsẹ̀ bàtà 18 tó ń wá, ẹsẹ̀ bàtà 16 ló rí, ó rà á bẹ́ẹ̀. Ní Elizabeth City, ó béèrè ọ̀nà Kitty Hawk títí, kò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Níkẹyìn ni apẹja kan, Israel Perry, ní òun yóò gbé e. Ọkọ̀ kékeré tó fi gbé e dé inú ọkọ̀ ńlá ń jò débi pé ńṣe ni wọ́n ń gbọ́n omi jáde lọ́nà. Ọkọ̀ ńlá ọ̀hún wá burú ju kékeré lọ: ó dọ̀tí, aṣọ ìgbòkun rẹ̀ ti jẹrà, kòkòrò kún inú rẹ̀. Ìjì dé lórí omi, aṣọ ìgbòkun já kúrò. Ẹrù wà nínú ọkọ̀, olówó ẹrù sì wà lórí rẹ̀! Wilbur kò lè fẹnu kan oúnjẹ Perry. Jáàmù tí Katharine àbúrò rẹ̀ obìnrin fi sínú báàgì rẹ̀ ló lá fún nǹkan bí ọjọ́ méjì. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi rìn kó tó dé ilé William Tate ní Kitty Hawk.

Nítorí pé igi kúrú, aṣọ kò bá a mu mọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó Tate ni Wilbur jókòó tì, ó tún aṣọ náà gé, ó tún un rán. Bàálù aláìlẹ́ńjìnnì tó jáde níbẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 17, owó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 15, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ páùnù 52, kò tó ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì. Okùn ni wọ́n fi ń mú un lọ́pọ̀ ìgbà. Ọmọdékùnrin kan, Tom Tate, ni wọ́n máa ń gbé lé e tí atẹ́gùn kò bá tó láti gbé àgbàlagbà. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n fi sílẹ̀ sórí yanrìn. Ìyàwó Tate ní irú aṣọ báyìí kì í ṣe ohun tí à ń sọ nù, ó tú u, ó fi rán aṣọ fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì. Ìyálọ́jà wo ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?

Ti 1901 kò dáa. Èyí tí wọ́n gbé wá tóbi ju ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ atẹ́gùn kò gbé e tó bí ìṣirò ṣe wí, ẹ̀fọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ wọ́n tán. Wọ́n padà sílé, wọ́n kan àpótí gígùn ẹsẹ̀ bàtà 6, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú rẹ̀ lu ìyẹ́ kéékèèké tó tó nǹkan bíi 200, wọ́n ń wo èyí tó dáa. Nípasẹ̀ àpótí yẹn ni ti 1902 fi yàtọ̀: ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 32, síbẹ̀ kò wúwo ju bí àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ, ó sì fò ju ẹsẹ̀ bàtà 600 lọ láti orí òkè. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá 1903, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì sí tuntun, ó gbé Orville fún ìṣẹ́jú àáyá 12. Lẹ́yìn ìgbà kẹrin lọ́jọ́ náà, atẹ́gùn kan ṣoṣo ló dojú bàálù ọ̀hún dé, ó fọ́. John T. Daniels, tó ya fọ́tò wọn láàárọ̀, sáré dì í mú, ó sì yí kiri nínú rẹ̀. Orí ló yọ ọ́.

Bó ti wù kó rí, ọ̀rọ̀ ẹrù kò tíì tán. Nígbà tí Wilbur ṣí àpótí bàálù rẹ̀ ní Le Mans ní Faransé ní 1908, igi ti kán, aṣọ ti ya. Inú bí i, ó kọ̀wé sílé, ó dá Orville lẹ́bi pé kò di ẹrù dáadáa. Orville kò jẹ̀bi. Àwọn aṣọ́bodè ní èbúté ló ti tú ẹrù wò, tí wọ́n sì dà á padà bó ṣe wù wọ́n. Gbogbo ẹni tó ń kó ọjà gba ẹnubodè ní Òkè-Ògùn mọ bí ìyẹn ṣe máa ń rí. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni Wilbur fi tún un ṣe, kó tó fò lójú àwọn ará Faransé ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ, kò sì pé ìṣẹ́jú 2.

Ẹni tó bá dé ibi òkè yanrìn Kill Devil Hills lónìí, nítòsí Kitty Hawk, kò ní rí yanrìn tó ń ṣí kiri mọ́. Wọ́n ti gbin koríko sí i, wọ́n sì parí ilé ìrántí olókùúta gíga ẹsẹ̀ bàtà 60 sórí rẹ̀ ní 1932. Nísàlẹ̀, lórí pápá, òkúta ńlá kan wà níbi tí bàálù ti gbéra, 4 mìíràn sì wà níbi tó bà sí lọ́jọ́ yẹn. Láti ibi ìgbéra dé ti àkọ́kọ́ kò ju nǹkan bí ìṣísẹ̀ 50 lọ. Ìkejì àti ìkẹta kò jìnnà sí i. Ìkẹrin ló jìnnà, yóò tó ìṣísẹ̀ 340 kí èèyàn tó débẹ̀, bí kò bá gbé ẹrù.